Mo ra Mọ́síkátò, Muscadet ni wọ́n gbé fún mi: ṣé wáìnì yìí ti bàjẹ́ ni?

Ẹlẹ́ja_Marina
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó bá ọmọ ọlọ́mọ jà. Ẹja yíyan àti pẹ́pẹ̀súùpù ni mò ń tà létí ọ̀sà níbí, ní Àgbádárìgì, lápá Marina. Àwọn kọ́sítọ́mà tó ń ti Èkó wá lópin ọ̀sẹ̀ máa ń bèèrè wáìnì, pàápàá àwọn obìnrin wọn, Mọ́síkátò ni wọ́n sì máa ń fẹ́, èyí tó dùn bí omi ṣúgà yẹn. Mo wá bá ọkùnrin kan tó máa ń kó ọtí wá láti Kútọnu sọ̀rọ̀, mo ní kó gbé kátọ́ọ̀nù méjì wá, onígò mẹ́fà-mẹ́fà. Ó gbé e dé, mo wo ara ìgò, mo rí M-U-S-C, mo ní ó ti parí, mo sanwó.

Sátidé, mo ṣí àkọ́kọ́ fún àwọn obìnrin mẹ́rin kan. Ẹni tó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ojú ẹ̀ fún pọ̀ bíi ti ẹni tó fi eyín gé ọsàn wẹ́wẹ́. Kò sí ṣúgà kankan nínú ẹ̀! Ó kan, ó tún ń ta èèyàn lahọ́n bí ẹmu tó ti di ti àná. Ìgbà yẹn ni mo tó wo lébẹ̀lì dáadáa, Muscadet ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe Moscato. Wọ́n tún kọ "sur lie" sábẹ́ ẹ̀, mo bi ọmọ kan tó gbọ́ Faransé díẹ̀, ó ní ohun tó túmọ̀ sí ni "lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀". Ṣé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni wọ́n wá tà fún mi ni? Ọkùnrin náà ò gbé fónù mi mọ́ látàná. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni àbí ayédèrú ni, kí ni kí n fi ìgò mọ́kànlá tó kù ṣe?

ỌmọAwori
Ẹ̀rín pa mí o. M-U-S-C, ó ti parí! Màmá, ẹ da ṣúgà sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ tà á fún wọn, ta ló máa mọ̀.

Bọ̀dá_Sẹ̀mẹ̀
Ẹ má dá a lóhùn. Èmi ò fọkàn tán ọtí tó bá gba ọ̀nà yẹn wọlé. Inú oòrùn ni wọ́n máa ń gbé e sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, lórí mọ́tò, lábẹ́ tapólì, nígbà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ yín ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n kọ espáyà sí.

Ẹlẹ́ja_Marina
Mo ti wá a wá a, kò sí espáyà lára ẹ̀ rárá. 2022 ni wọ́n kọ sára àwọn ìgò kátọ́ọ̀nù àkọ́kọ́. Kátọ́ọ̀nù kejì tiẹ̀ burú jù, 2018! Mi ò tíì ṣí ìyẹn, ẹ̀rù ń bà mí.

Bọ̀dá_Sẹ̀mẹ̀
2018 kẹ̀. Ẹ dà á nù.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àná
Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má da ìkankan nù! Ìkọrodú ni mò ń gbé báyìí ṣùgbọ́n ìlú Nantes ní Faransé ni mo ti kàwé, ọdún mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣe ọtí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, mo tiẹ̀ bá wọn ká èso ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí owó oúnjẹ.

Muscadet àti Moscato ò bára tan rárá, àfi orúkọ tó jọra. Moscato, èso àjàrà tí wọ́n ń pè ní Muscat ni wọ́n fi ń ṣe é, ó máa ń ta sánsán bí òdòdó, wọ́n sì máa ń fi ṣúgà sílẹ̀ nínú ẹ̀. Èso tí wọ́n fi ń ṣe Muscadet, Melon de Bourgogne lorúkọ ẹ̀. Apá ìlà-oòrùn Faransé, ní Burgundy, ló ti wá. Àwọn tó yẹ ìran àjàrà wò sọ pé bàbá kan ìyá kan ló bí òun àti Chardonnay tí gbogbo ayé mọ̀, Pinot àti Gouais Blanc lorúkọ àwọn òbí wọn. Chardonnay di olówó, Melon lọ ń bá àwọn apẹja gbé létí òkun.

Ọ̀rọ̀ ṣúgà tí ò sí: ìwúkàrà ló jẹ ẹ́ tán. Bí ẹmu náà ni. Ẹmu òwúrọ̀ dùn, ti ìrọ̀lẹ́ kan, torí ohun tó ń hó nínú ẹ̀ ń jẹ adùn ẹ̀, ó ń sọ ọ́ di ọtí. Muscadet, wọ́n jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán pátá ni. Tí ìwúkàrà yẹn bá ti wá jẹun yó, á kú, á rọ̀ sísàlẹ̀ àgbá, òun ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń sọ. Níbòmíì wọ́n á tètè yọ wáìnì kúrò lórí ẹ̀. Àwọn ará Nantes ò yọ ọ́, ńṣe ni wọ́n á fi í sílẹ̀ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹ̀ láti ìgbà ìkórè, já gbogbo ìgbà òtútù, títí di oṣù kẹta ọdún kejì kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò. Ibẹ̀ ló ti ń rí òórùn díẹ̀ bíi ti búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ibẹ̀ ló sì ti ń ní ara tó nípọn díẹ̀ lẹ́nu. Ohun tó ń ta yín lahọ́n, gáàsì tó ṣẹ́kù ni, torí wọn ò máa dà á láti àgbá kan sí òmíì kí gáàsì yẹn lè sá lọ. Kò bàjẹ́ o. Kò sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nínú ìgò yín, orí ẹ̀ ló sùn ni.

Ẹlẹ́mu_Topo
Orí ẹ̀ ló sùn! Ẹ ṣeun ọmọ mi. Bàbá mi tó kọ́ mi ní ọpẹ kíkọ, tó bá mu akèrègbè tán, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló máa ń gbé pamọ́ fún ara ẹ̀, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ọ́ sára ìgò láti fi gba owó lọ́wọ́ yín.

Alfa_Ajara
Ẹ̀yin èèyàn yìí, omi àgbọn pọ̀ ní Àgbádárìgì o. Mo kàn ní kí n rán yín létí ni.

ỌmọAwori
Alfa, a ti gbọ́ sà. Ẹ ṣáà máa bá wa kà á lọ, mo mọ̀ pé ẹ ò ní kúrò níbí.

Bọ̀dá_Sẹ̀mẹ̀
Gbogbo àlàyé yẹn dáa. Báwo lèèyàn ṣe máa wá mọ èyí tí oòrùn ti bàjẹ́? Torí ọ̀nà tó gbà wá ò yí padà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àná
Bọ̀dá, òótọ́ lẹ sọ, oòrùn lè ba ọtí jẹ́. Màmá, ẹ da díẹ̀ sínú gíláàsì, ẹ gbé e síwájú bébà funfun. Muscadet tó dáa, àwọ̀ ẹ̀ ò ju ti omi lọ púpọ̀, ó lè ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ tàbí àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Tó bá ti dà bíi tíì láìjẹ́ pé ó ti dàgbà, tó ń rùn bí ọtí kíkan tàbí bíi ápù tó ti rà, tàbí tí kọ́ọ̀kì ti ń yọrí tí omi ti ń ṣẹ́ lára ẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ tún wo bóyá "Sèvre et Maine" wà lára lébẹ̀lì.

Ẹlẹ́ja_Marina
Ó wà níbẹ̀. Àwọ̀ ẹ̀ bí omi ni lóòótọ́, mo rò pé àìtó ni. Kí wá ni Sèvre et Maine?

Akẹ́kọ̀ọ́_Àná
Odò méjì ni. Odò ńlá tó gùn jù ní Faransé, Loire, ó ju 1,000 kìlómítà lọ, apá Nantes ló ti ń lọ wọ òkun Àtìláńtíìkì. Sèvre àti Maine jẹ́ odò kéékèèké tó ń ṣàn gba àárín oko àjàrà ní gúúsù ìlú yẹn, apá ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Muscadet tó dáa ti ń wá. Láti 1936 ni òfin Faransé ti ń dáàbò bo orúkọ yẹn, tí oko rẹ ò bá sí níbẹ̀ o ò lè kọ ọ́ sára ìgò. Muscadet fúnra ẹ̀ kì í ṣe orúkọ ìlú kì í sì í ṣe orúkọ èso, orúkọ ọtí náà lásán ni.

Ibẹ̀ tutù o. Kì í ṣe pé yìnyín ń já bọ́ ní gbogbo ìgbà, òjò ni, àti kùrukùru, àti afẹ́fẹ́ òkun tó máa ń wọ inú egungun èèyàn. Tẹ́ ẹ bá pín ooru gbogbo ọdún dọ́gba, nǹkan bíi 12 digírì ló máa jẹ́. Níbí, fíríìjì tí NEPA ń mú láìtì ẹ̀ lọ mú láìtì ẹ̀ bọ̀ ló tutù tó bẹ́ẹ̀. Ìdí tí ọtí yẹn fi kan náà nìyẹn. Níbi tí oòrùn bá ti mú ganrínganrín, èso á yára pọ́n, ṣúgà á kún inú ẹ̀, kíkan á sá lọ. Ti Nantes, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló ń pọ́n, kíkan ẹ̀ ò kúrò. Ọtí inú ẹ̀ kì í sì í pọ̀, ó sábà máa ń tó 12% péré, ẹ lè mu gíláàsì méjì kẹ́ ẹ ṣì mọ ọ̀nà ilé.

Oṣù kẹrin ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ máa ń bẹ̀rù jù lọ. Àjàrà á ti rúwé, ewé tútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ojú, òtútù òru kan ṣoṣo á sì jó gbogbo ẹ̀ dúdú. Ó ṣẹlẹ̀ ní 1991, ó bà wọ́n nínú jẹ́ gan-an. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2021, èmi wà níbẹ̀. Ẹni tí mo bá ṣiṣẹ́ pè wá lóru, a gbé àbẹ́là ràgbàjì sáàárín ebè káàkiri, a tàn án kí afẹ́fẹ́ lè gbóná díẹ̀, gbogbo oko tàn yòò bí ìsọjí onífìtílà, ọwọ́ mi kú. Ó rẹwà lójú o, ṣùgbọ́n bàbá yẹn ò wo ẹwà kankan, thermometer ló tẹjú mọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́ ó já ewé kan, ó fi ìka rún un, ó dúdú. Kò sọ nǹkan kan. Ó lọ po kọfí fún wa.

Ìyálọ́jà_Ẹ̀pẹ́
Ọmọ mi, o ti jẹ́ kí omi bọ́ lójú mi nítorí òyìnbó tí mi ò mọ̀. Bí ọ̀gbàrá ṣe ń gbé àgò ẹja wa lọ náà nìyẹn.

Àbúrò mi tó wà ní Marina, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Kí ni wọ́n ń fi jẹ nílùú wọn?

Akẹ́kọ̀ọ́_Àná
Ẹja àti nǹkan inú omi ni, Ìyá. Ọ́ísítà pọ̀ níbẹ̀, òun ni wọ́n ń fi mu ún jù, tútù báyìí ni wọ́n ń jẹ ẹ́, wọn ò sè é. Akàn àti edé náà, omi iyọ̀ lásán ni wọ́n fi ń bọ̀ ọ́. Ẹja odò, wọ́n ní ọbẹ̀ bọ́tà kan tí wọ́n ń dà sí i lórí, àlùbọ́sà wẹ́wẹ́, ọtí kíkan àti bọ́tà tí wọ́n rọra yọ́ pọ̀, ó gbayì gan-an ní Nantes. Ẹ wò ó báyìí: kíkan ọtí yẹn ń ṣe iṣẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́ tẹ́ ẹ máa ń fún sórí ẹja yíyan. Ẹni tó bá dá mu ún, á ní ó kan. Ẹni tó bá jẹ ẹja ọlọ́ràá sí i, kíkan yẹn á fọ ọ̀rá kúrò lẹ́nu ẹ̀, á tún fẹ́ bu òkèlè míì.

Ìyálọ́jà_Ẹ̀pẹ́
Ó yé mi. Ìyẹn ni pé àṣìṣe wà lọ́wọ́ àwa tá à ń tà á, torí Mọ́síkátò tó dùn, èèyàn lè dá a mu bíi mínírà, tìyẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀bọ̀kún ni kẹ́ ẹ fi gbé e kalẹ̀, ọ̀bọ̀kún lọ́ràá dáadáa. Ẹ yan án pẹ̀lú iyọ̀ àti epo díẹ̀, ata kékeré. Tàbí edé ńlá. Tàbí kúta díndín. Àkàrà gbígbóná náà máa bá a lọ, mo lè fi owó mi lélẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e fún ẹni tó ń jẹ pẹ́pẹ̀súùpù yín o, ata yẹn àti kíkan yẹn, ọ̀fun èèyàn á bó. (Ẹ sì wá ra ẹja ní Ẹ̀pẹ́, ti Àgbádárìgì yẹn ti gbẹ jù.)

Ẹlẹ́ja_Marina
Ìyá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé irọ́ lẹ pa nípa ẹja wa yẹn. Ẹ ṣeun fún ìyókù.

ỌmọAwori
Èmi lòdì sí ti pẹ́pẹ̀súùpù o. Mo ti fi wáìnì kíkan bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́ rí lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, ó tutù gan-an, kò ṣe ọ̀fun mi ní nǹkan kan, ńṣe ló dà bí ẹni ń pa iná.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àná
Torí pé ó tutù ni, àti pé ọtí inú ẹ̀ kéré. Tó bá jẹ́ èyí tọ́tí inú ẹ̀ pọ̀, ńṣe ló máa dà bí ẹni da epo sí iná. Ẹ jẹ́ kó tutù nini, Màmá, ṣùgbọ́n ẹ má ju yìnyín sínú gíláàsì, omi ẹ̀ á sọ ọ́ di omi ṣúgà tí ò ní ṣúgà. Ẹ fi gbogbo ìgò rì sínú kúlà tí omi àti yìnyín wà, ogún ìṣẹ́jú ti tó.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kátọ́ọ̀nù 2018 yẹn, ẹ ka gbogbo ohun tó wà lára lébẹ̀lì ẹ̀ fún mi.

Ẹlẹ́ja_Marina
Ẹ dúró kí n mú jígí mi. Muscadet Sèvre et Maine. Wọ́n wá kọ Clisson gàdàgbà sábẹ́ ẹ̀. Sur lie ò sí lára ìyẹn. Ìgò ẹ̀ wúwo ju ti èkejì lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àná
YÉÈ! Màmá, ẹ má ṣí i fún ẹnikẹ́ni! Bọ̀dá_Sẹ̀mẹ̀ ní kẹ́ ẹ dà á nù, Ọlọ́run ló yọ yín. Clisson ìlú kan ni, ó ní ilé odi àtijọ́ kan lẹ́bàá odò Sèvre, orí òkúta líle tí wọ́n ń pè ní granite ni oko wọn wà. Ní 2011 ni wọ́n gbà kí ìlú mẹ́ta, Clisson, Gorges àti Le Pallet, máa kọ orúkọ tiwọn sára ìgò Muscadet. Ti Clisson, kì í ṣe títí di oṣù kẹta ló máa wà lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tó ọdún méjì kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò. Ti 2022 yẹn, ẹ tètè tà á láàárín ọdún mélòó kan. Clisson lè pé ọdún mẹ́wàá kó ṣì máa dáa sí i. 2018 tẹ́ ẹ rí yẹn, ọdún tí wọ́n ká èso ni, kì í ṣe espáyà.

Ọkùnrin tó gbé e wá fún yín ò mọ ohun tó gbé.

Bọ̀dá_Sẹ̀mẹ̀
Mo gbà. Ẹ̀yin ẹ má dà á nù mọ́. Ẹ gbé ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi.

Ọmọ_Ògù_Bòékòh
Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dá sí i, mo kàn ń ka ọ̀rọ̀ yín lọ ni ojú mi já sí orúkọ ìlú yẹn. Nantes. Iṣẹ́ mi ni kí n máa mú àlejò káàkiri níbí, láti Vlekete, ọjà ẹrú àtijọ́, lọ sí ilé ìdílé Mobee, ká tún wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Gbẹrẹfu níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọdá láyé àtijọ́. Nantes ni èbúté tí ọkọ̀ ẹrú Faransé ti gbéra jù lọ, ó ju 1,700 ìrìnàjò lọ, kò sí èbúté míì lọ́dọ̀ wọn tó sún mọ́ ọn. Apá etíkun wa yìí wà lára ibi tí wọ́n ń wá, wọ́n kọ́ ilé odi sí Ouidah ní 1704. Ẹ ṣírò ibi tí Ouidah wà sí wa, ìrìn wákàtí mélòó kan ni tèèyàn bá wọ mọ́tò.

Kí ni wọ́n ń kó wá? Aṣọ òdòdó, ìbọn, owó ẹyọ, àti ọtí. Ọtí líle, eau-de-vie, tí wọ́n sè láti ara wáìnì bí a ṣe ń se ògógóró láti ara ẹmu. Ọmọ tó kàwé ní Nantes, ṣé wọ́n kọ́ yín ní ìyẹn?

ỌmọAwori
Ẹ̀gbọ́n, a ṣáà ń sọ̀rọ̀ ẹja àti wáìnì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ ti gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wọ̀ ọ́.

Ọmọ_Ògù_Bòékòh
Èmi kọ́ ni mo gbé e wọ̀ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àná
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ wọra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti bíi 1600 lọ sókè ni àwọn oníṣòwò Hóláńdì ti tẹ̀dó sí Nantes, wáìnì funfun tí ò wọ́n ni wọ́n ń wá, tí wọ́n lè sè di brandewijn, ìyẹn wáìnì tí wọ́n fi iná sun, ibẹ̀ ni orúkọ brandy ti wá. Wọ́n ní káwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ gbin àjàrà funfun, Melon yìí wà lára ẹ̀. Nígbà tó wá di oṣù kìíní 1709, òtútù kan mú ní gbogbo Yúróòpù, odò di yìnyín, etí òkun pàápàá dì láwọn ibì kan, ọ̀pọ̀ àjàrà tó wà lóko kú. Melon fara dà á. Òun ni wọ́n wá fi rọ́pò ìyókù, bó ṣe gba gbogbo ilẹ̀ náà nìyẹn. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn kan náà sì ni ọkọ̀ ẹrú Nantes pọ̀ jù. Mi ò ní sọ pé ọtí inú ìgò Màmá ló ra ẹnikẹ́ni o, wáìnì mímu àti ọtí sísè ò rìn ọ̀nà kan náà. Ṣùgbọ́n oko kan náà ni.

Wọn ò kọ́ wa ní kíláàsì. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi débẹ̀. Ibi ìrántí kan wà létí odò Loire, lórí Quai de la Fosse, 2012 ni wọ́n ṣí i. Tẹ́ ẹ bá ń rìn lórí ilẹ̀ ibẹ̀, dígí kéékèèké ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, 2,000, orúkọ ọkọ̀ ẹrú àti ọdún tó gbéra ló wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ìyókù jẹ́ orúkọ ibi tí wọ́n ti ń ṣòwò. Orúkọ ọkọ̀ yẹn, àwọn míì dára bí orúkọ ọmọ. Mo dúró níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan lẹ́yìn iṣẹ́ oko, ìka mi ṣì dúdú nítorí omi àjàrà, mo ń wá Àgbádárìgì. Ilẹ̀ ṣú kí n tó wò ó tán.

Ẹlẹ́mu_Topo
Hóláńdì náà kọ́ ló dé ọ̀dọ̀ tiwa? Mo ti gbọ́ ọ rí.

Ọmọ_Ògù_Bòékòh
Àwọn náà ni, bàbá. Ní àwọn ọdún 1730 ni ọ̀gbẹ́ni Hertogh, ọmọ Hóláńdì, wá ṣe òwò ẹrú ní Àgbádárìgì níbí.

Bọ̀dá_Sẹ̀mẹ̀
Ṣìnápù tá à ń gbé lọ tọrọ ọmọ, tá a fi ń tá sílẹ̀ fún baba ńlá wa, ṣebí ọ̀dọ̀ àwọn Hóláńdì yẹn náà ló ti wá. A ò sì lè ṣe ìdáná láìsí i báyìí. Ọtí ò ní ìtìjú.

Ẹlẹ́ja_Marina
Ẹ ti jẹ́ kí n jókòó. Gbẹrẹfu yẹn, àtòkè omi ni mo máa ń rí i láti ibi tí mo ti ń yan ẹja, ojoojúmọ́ ayé mi ni. Mi ò mọ̀ pé ibì kan wà tí wọ́n kọ orúkọ ọkọ̀ wọn sílẹ̀ báyẹn. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì. Ọmọ mi tó wà ní Ìkọrodú, tó o bá gba Àgbádárìgì kọjá, yà sọ́dọ̀ mi, mi ò ní gba owó ẹja lọ́wọ́ ẹ.

Màá dán ohun tí Ìyálọ́jà sọ wò lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Alfa_Ajara
Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá yan ọ̀bọ̀kún yẹn, ẹ jẹ́ kí n mọ̀. Ọ̀bọ̀kún ò ní ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹlẹ́ja_Marina
Mo ti dé o. Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Sọ́ńdè, mo kó ìgò márùn-ún ti 2022 rì sínú kúlà, mo yan ọ̀bọ̀kún mẹ́jọ pẹ̀lú iyọ̀ àti epo fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, mo ya ata sọ́tọ̀ nínú àwo kékeré. Mi ò ta ìgò, gíláàsì ni mo tà, mo sì sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kò dùn, pé ẹja ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi sẹ́nu kí wọ́n tó mu ún. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń bọ̀ láti Ọ̀jọ́ mu gíláàsì mẹ́ta-mẹ́ta, ẹnì kan nínú wọn ní ó dà bí ìgbà téèyàn lá òkúta etí òkun, mo ní ta ló ń lá òkúta. Obìnrin kan ní kí n bá òun lú u pọ̀ mọ́ máltì, mo lú u pọ̀, owó ẹ̀ ni. Ẹnì kan dá tiẹ̀ padà, mo gbé bíà fún un. Ìgò kan ló ṣẹ́kù, ìdajì ẹ̀, èmi àti ọmọ mi ló mu ún nígbà tá a ti palẹ̀ mọ́, pẹ̀lú orí ẹja. Kò burú. Ó ṣì ń ta ahọ́n mi.

Clisson mẹ́fà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi nínú aṣọ. Bọ̀dá_Sẹ̀mẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bèèrè.

Ìyálọ́jà_Ẹ̀pẹ́
Kì í ṣe ká kàn kó o sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìkan o, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ, ẹ má nà án ró, kí kọ́ọ̀kì ẹ̀ má gbẹ. Ọmọ mi obìnrin ló ní kí n sọ fún yín.

ỌmọAwori
Ọkùnrin Kútọnu ńkọ́? Ṣé ó ti gbé fónù?

Ẹlẹ́ja_Marina
Ó pè mí fúnra ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ó ní òun gbọ́ pé inú ń bí mi, pé òun ò mọ̀wé Faransé, pé òun náà M-U-S-C lòun wò. Ó wá ní òun ṣì ní kátọ́ọ̀nù mẹ́ta nílé tí ẹnikẹ́ni ò rà. Mo ní kó lọ gbé ìgò kan wá síbi iná, kó máa ka lébẹ̀lì ẹ̀ fún mi, létà kọ̀ọ̀kan. Ó ti dé C-L-I kí owó fónù ẹ̀ tó tán. Mo ti fi káàdì ránṣẹ́ sí i.